Ọkùnrin Tó Ní Ilẹ̀ Ti Kú

Òórùn iyẹ̀pẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ nù.

Abọ́ méjì ni mo gbé wọ kíláàsì lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní abúlé náà. Iyẹ̀pẹ̀ tí mo bù lábẹ́ àwọn igi ẹ̀bá odò wà nínú ọ̀kan; èyí tí mo bù lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, níbi tí oòrùn àti àgbàrá ti bó ilẹ̀ dé egungun, wà nínú èkejì. Bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi gbogbo tí ẹgbẹ́ wa bá rán mi lọ nìyẹn. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màá kàn ní kí wọ́n gbé abọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, kí kálukú gbóòórùn rẹ̀, nítorí imú àgbẹ̀ kì í parọ́. Ilẹ̀ tó ń mí máa ń ní òórùn àkọ́rọ̀ òjò. Èyí tó ti rẹ̀ kì í ní ju òórùn eruku lọ.

Yàrá tí wọ́n ń kó irè oko sí la jókòó sí. Ó ti pẹ́ tí irè ti kúrò níbẹ̀. Àpò tó ṣófo àti ìtẹ́ eku ló kù. Wọ́n gbé abọ́ ti ẹ̀bá odò yí ká. Káfíńtà abúlé, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, gbé e símú, ó ní, "Tíṣà, èyí dùn ún gbọ́ ju ọtí lọ!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Abọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó dá jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Ó gbé e sókè, ó dojú bò ó, ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé abọ́ padà fún mi.

Mo gbé e símú láti fi parí ẹ̀kọ́. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò sí òórùn òjò, kò sí ti eruku, kò sí ti ohun tó rà. Ó dà bí ìgbà téèyàn ti imú bọ abọ́ òfìfo. Mo rò pé ọ̀fìnkìn ló fẹ́ mú mi, ni mo bá gbé abọ́ kejì. Eruku inú tìyẹn ta mí nímú dáadáa, mo sì sín.

Nígbà tí mo gbójú sókè, kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn mọ́. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni yàrá yẹn ní, ẹ̀gbẹ́ mi ló sì wà. Ẹnì kankan kò gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Àwọn èèyàn abúlé yìí ti wà lórí òkè náà kí ẹnikẹ́ni tó lànà dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn babańlá wọn ló sọ odò ibẹ̀ lórúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn agégẹdú ti gé igi orí òkè tán, àgbàrá wá ń wọ́ ilẹ̀ lọ lọ́dọọdún, débi pé àgbàdo tó máa ń ga ju èèyàn lọ kò kọjá orúnkún mọ́. Ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ kan tó ń fọ́ òkúta fojú sí wọn lára. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní òdìkejì òkè. Wọ́n fẹ́ fọ́ ọ dé ibí. Àwọn aláṣẹ ní kò sẹ́ni tó máa lé ará abúlé. Wọ́n kàn máa pe ìpàdé ni, olórí ilé kọ̀ọ̀kan á dìde, á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ilẹ̀ náà kò wúlò fóun mọ́, wọ́n á sì fún un ní ilé onípáànù lẹ́bàá ọ̀nà ńlá. Ẹgbẹ́ wa rán mi lọ kí ìpàdé náà tó wáyé, kí n lọ kọ́ wọn bí a ṣe ń dá omi dúró lórí òkè, àti bí a ṣe ń bọ́ ilẹ̀ kí ilẹ̀ lè bọ́ni.

Ilé Ìyá Alágídí ni mo dé sí. Àwọn ará abúlé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu bí ẹ̀wù. Wọ́n ní bó bá jókòó síta tí òjò ṣú, tó bá ti lè ní òun ò wọlé, òjò ló máa padà. Arúgbó tó gùn gbọọrọ ni, ó ń rìn bí ẹni tó ń bá ilẹ̀ ṣe àríyànjiyàn. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ kalẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé; Aránṣọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, irun orí òun náà ti ń di funfun. Ọkọ Ìyá ti jáde nílé kí ọmọ náà tó mọ ìjókòó. N kò gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ti kú tán, kò sì sí ẹlòmíràn lórí òkè náà tó dàgbà tó Ìyá tí mo lè bi.

Ilẹ̀ Ìyá la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí tirẹ̀ ló burú jù. Káfíńtà kan igi mẹ́ta pọ̀ bí òrùlé ilé ọmọdé, a so òkúta rọ̀ sáàárín rẹ̀, òun la fi ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti dọ́gba lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Ibẹ̀ la ń gbẹ́ kòtò gbọọrọ sí, kò gbọdọ̀ dorí kodò pẹ̀lú òkè, ó gbọ́dọ̀ dábùú rẹ̀. Mo sọ fún wọn pé, "Olè ni àgbàrá. Tó bá ń sáré bọ̀ tó jìn sí kòtò, á sinmi, á sì sọ ẹrù tó jí kalẹ̀." Inú kòtò la ń da ewé àti ìgbẹ́ màlúù sí, ká bò ó, kó jẹrà. A gbin ẹ̀wà sáàárín àgbàdo. A da koríko gbígbẹ bo gbogbo ojú ilẹ̀.

"Tíṣà ò fẹ́ kí ilẹ̀ wà níhòòhò," Káfíńtà ní. "Ẹ bá wa sọ fún ìyàwó mi, ó pẹ́ tí èmi náà ti ń bẹ̀ ẹ́ fún ṣòkòtò tuntun."

Inú wa dùn nígbà yẹn. Ìdí nìyí tí n kò fi tètè ka ọkùnrin náà sí.

Ìsàlẹ̀ oko ló máa ń dúró sí, nídìí igi kan tó ti gbẹ. Ṣẹ́ẹ̀tì kakí ló wọ̀, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn, irú ṣẹ́ẹ̀tì tí Aránṣọ ní wọn kì í rán mọ́. Eruku funfun wà ní gbogbo irun rẹ̀, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbi tí wọ́n ti ń lọ ìyẹ̀fun. Kò bá wa ṣiṣẹ́, kò kí wa. Nígbà tí mo bi Káfíńtà bóyá àlejò wọn ni, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Àlejò wa kẹ̀? A rò pé ẹ̀yin lẹ mú un wá ni."

Àwọn mìíràn rò pé àwọn aláṣẹ ló rán an. Kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, torí bó bá ti yọ, ìrẹ̀ á dákẹ́, àwọn ẹyẹ á dákẹ́, ó sì máa ń ṣòro fún ẹnu láti là nínú irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ wa. Bí ẹnì kan bá jókòó láti sinmi, á lọ bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí. Lọ́jọ́ kan mo wà nítòsí, mo gbọ́ ọ. Ohùn rẹ̀ gbẹ bí ewé.

"Ilẹ̀ yìí ti kú. Àbí kò kú? Ìwọ ṣáà gbà pé ó ti kú, kó o lè sinmi."

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ nu òógùn ojú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Nígbà tí a padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà kò dúró nídìí igi gbígbẹ mọ́. Ó ti wọ àárín oko. Ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀, àwọn ekòló jáde sójú ilẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n ká jọ, wọ́n gbẹ.

Aránṣọ náà pàdé rẹ̀. Ó ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọkùnrin náà wá dúró lẹ́yìn ọgbà. "Tíṣà, ó pè mí ní Tíńtín," ó wí fún mi. "'Tíńtín mi,' báyìí ló ṣe pè é. Mi ò jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kí ló dé tí omi fi bọ́ lójú mi?"

Ìyá Alágídí wà nínú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà.  Ó sọ̀rọ̀ láti inú lọ́hùn-ún, kò pariwo.

"Má dá a lóhùn. Bó pè ọ́ títí ilẹ̀ ṣú, má dá a lóhùn."

Mo wọlé, mo bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ mọ ọkùnrin náà ni?"

"Ọkùnrin wo?" ó ní. "Mi ò rí ọkùnrin kankan."

Bẹ́ẹ̀ mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà lóko tí yóò máa kọ ebè lọ, tí yóò dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, tí yóò sì yà fún un bí èèyàn ṣe ń yà fún kùkùté, láì gbójú sókè.

Káfíńtà ni àjálù kọ́kọ́ dé bá. Ibi tó ti ń gbẹ́lẹ̀ lọ́sàn-án kan ni ọkọ́ rẹ̀ ti bá òkúta pàdé, èèkù ọkọ́ náà ṣẹ́ sí méjì. Ọkọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni. Inú bí i, ó ju èèkù náà nù. Ọkùnrin náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí a tó mọ̀.

"Ṣé mo parọ́?" ó bi í.

"O ò parọ́!" Káfíńtà pariwo. "Ilẹ̀ yìí ti kú! Ó ti kú fin-ín-fin-ín!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, mo sì rí iyanrìn funfun láàárín eyín rẹ̀. Ó na ọwọ́, Káfíńtà bọ̀ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, Káfíńtà kò wá sóko mọ́. Èmi àti Aránṣọ lọ wò ó. Ìyàwó rẹ̀ pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ohunkóhun tí òun bá gbé fún un kì í lè jẹ ẹ́, pé kò sí ohun tó ń dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. A bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá pákó. Èèpo pákó ń já bọ́ sílẹ̀ ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òórùn igi nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn rárá.

"Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́ o," mo kí i.

Ó yíjú sí wa. Mo rí i pé ó fẹ́ dáhùn, bóyá ó tiẹ̀ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bíi tàtijọ́, nítorí ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó la ẹnu. Iyanrìn ló dà jáde. Ó dà sórí irùngbọ̀n rẹ̀, ó dà sórí pákó, ó ń dà ṣùrùrù bí ìgbà tí wọ́n tú àpò. Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó ń wò wá. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ohùn kankan.

Ìròyìn náà dé ilé gbogbo kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwa díẹ̀ ló kù lóko. Àwọn kan ti ń di ẹrù. Wọ́n ní ó sàn kí àwọn lọ sílé onípáànù pẹ̀lú ohùn àwọn ju kí àwọn dúró di odi lọ. Èmi náà wọ yàrá, mo ń ká aṣọ mi sínú àpò. N kì í ṣe akíkanjú. Ohun tí wọ́n kọ́ mi ni bí a ṣe ń mú ilẹ̀ sọjí. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní bí a ṣe ń kojú irú ọkùnrin yẹn.

Ìyá Alágídí wá dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó gbé ọkọ́ lé èjìká.

"Ṣé ẹ̀kọ́ ti parí ni?"

"Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ta ni ò bà?" ó ní. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í kọ ebè. Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ẹni tó ti wá sórí òkè yìí, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún wa. Agégẹdú ní ilẹ̀ ò wúlò, ó gbé igi lọ. Àwọn olókùúta ní ilẹ̀ ò wúlò, wọ́n fẹ́ gbé òkè lọ. Bí nǹkan ò bá wúlò, kí ni wọ́n ń gbé e lọ fún? Jáde ká lọ da ewé sí kòtò. Bó bá jẹ́ iyanrìn ni màá bì, màá bì í lórí ilẹ̀ mi."

Ojú tì mí. Mo tú àpò mi padà.

Oòrùn ti kan àtàrí, a wà ní etí kòtò tó gùn jù, Ìyá, Aránṣọ, èmi àti àwọn obìnrin díẹ̀ tí kò tíì sá. A ti da ewé tútù àti ìgbẹ́ màlúù sínú rẹ̀, a fẹ́ máa bò ó. Ìrẹ̀ dákẹ́. A gbójú sókè, ọkùnrin náà ń bọ̀. Kò dúró ní ìsàlẹ̀, kò dúró láàárín oko. Ó ń bọ̀ tààrà títí ó fi dúró ní òdìkejì kòtò, ìyẹn sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ọkùnrin tó rẹwà ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ti Aránṣọ.

"Tíńtín," ó ní, "o ti dàgbà jù mí lọ."

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ Aránṣọ. "Màámi, ta nìyí?"

Ìyá kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó bu iyẹ̀pẹ̀, ó dà á sí kòtò. "Bàbá rẹ ni. Ọjọ́ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni mo ti dá a mọ̀. Mi ò kàn fẹ́ kó mọ̀ pé mo rí òun ni."

Àwọn obìnrin fà sẹ́yìn. Èmi fẹ́ fà sẹ́yìn pẹ̀lú wọn, ẹsẹ̀ mi kọ̀.

"Mo lọ wá ohun tó sàn fún yín ni," ọkùnrin náà ní. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni iyanrìn ń jò ní igun ẹnu rẹ̀. "Mo lọ sí òdìkejì òkè, mo lọ bá wọn fọ́ òkúta. Òkúta ya lù wá nínú kòtò. Kò sẹ́ni tó wá wa."

"Mo wá ọ," Ìyá dáhùn. "Mo pọn ọmọ yìí lọ síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò gba ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ síṣẹ́ rí. Mo pọn ọmọ mi padà wálé."

"Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, mo sọ fún ọ pé ilẹ̀ yìí ti kú. O bá mi jiyàn. Wò ó, gbà fún mi báyìí. Sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Bí ilẹ̀ bá ti kú, a jẹ́ pé mo jàre tí mo lọ. Bí kò bá kú…" Ó wo àgbàdo yí ká. "Bí kò bá kú, kí ni mo wá lọ kú fún?"

 Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Èmi tí mo rìn jìnnà wá kọ́ wọn pé ilẹ̀ kì í kú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a sọ ọ́, kí ojú rẹ̀ tó le bẹ́ẹ̀ lè rọ̀.

Ìyá Alágídí na ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ó fi ọwọ́ ti ìbàdí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó wo ojú ọkùnrin náà.

"Mo ti sunkún rẹ nígbà tó yẹ ká sunkún. Mo sun ún títí ojú mi fi gbẹ. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ mọ́ ilẹ̀ kí òkú lè rí oorun sùn. Àti pé, wò ó dáadáa. Nígbà tó o wà láàyè, tí ara rẹ ń dán, tí gbogbo obìnrin ń wò ọ́ lójú ọ̀nà odò, o ní ká jọ lọ, mi ò bá ọ lọ. Ṣé ìsinsìnyí tí iyanrìn kún ẹnu rẹ ni màá wá tẹ̀ lé ọ?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà. Kò mọ̀ọ́mọ̀ rín in, ó kàn já jáde bí òsúkè. Ṣùgbọ́n nígbà tó já jáde tán, ẹsẹ̀ mi tú.

Ojú ọkùnrin náà yí padà. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí í dà ní ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, àgbàdo kéékèèké tó wà nítòsí rẹ̀ sì ń dojú bolẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó na ọwọ́ sí Aránṣọ. "Ìwọ sọ ọ́, Tíńtín. Ọmọ bàbá rẹ ni ọ́."

Aránṣọ kúnlẹ̀. Mo rò pé ó ti parí. Àṣé ọkọ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mú. Ó dìde pẹ̀lú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, sà," ó ní. Ó di ọkọ́ náà mú ṣinṣin. "Ẹ̀yin lẹ bí mi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ló wò mí dàgbà. Òun ni mo mọ̀."

Ọkùnrin náà ké, ó sì fò mọ́ wa. Kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ kòtò, ó rì sínú ewé àti ìgbẹ́ tútù dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì dúró gbọn-in. Lẹ́ẹ̀kan náà ni òórùn náà dé. Ó gòkè láti inú kòtò, ó bo gbogbo wa, òórùn àkọ́rọ̀ òjò, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkùukùu kankan lójú ọ̀run.

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kí ni mò ń gbọ́ yìí?" Ohùn rẹ̀ kò gbẹ mọ́. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ni.

"Ilẹ̀ ni," Ìyá ní. "O ti gbàgbé."

Ó kúnlẹ̀ sínú kòtò. Ó fi ojú kan ewé náà, ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló na gbọọrọ bí ẹni tó rìnrìn àjò dé. Ìyá kò pa á láṣẹ, kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní, "Ẹ mú ewé wá."

Aránṣọ mú ewé wá. Àwọn obìnrin yòókù dúró, wọn ò lè sún mọ́ ọn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Mo gbé agbọ̀n ìgbẹ́ màlúù, mo dà á lé ewé náà bí mo ṣe kọ́ wọn, ewé díẹ̀, ìgbẹ́ díẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ lórí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ títí a fi bò ó.  Ìyá fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá ojú ibẹ̀ kó dán, ó sì gbin ẹ̀wà sí i.

Lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn aláṣẹ gbé ọkọ̀ funfun wá. Wọ́n gbé tábìlì sínú yàrá ìkó-irè, ọ̀gá wọn jókòó sídìí rẹ̀ tòun ti ìgò omi tútù. Ilé Káfíńtà ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó dìde, ẹnu rẹ̀ wà ní dídì. Ọ̀gá náà ní, "Ṣé ilẹ̀ yín ṣì wúlò fún yín àbí kò wúlò mọ́? Ẹ sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́." Káfíńtà ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ dúdú jáde, tó tutù, tó ń ṣẹ̀ wẹ́wẹ́, ó rọra gbé e sí iwájú ọ̀gá náà lórí tábìlì. Ekòló kan yọrí jáde nínú rẹ̀. Ọ̀gá náà ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Káfíńtà mú ọkọ́ tó ti kan èèkù tuntun sí, ó jáde lọ sóko.

Wọ́n pe ilé kejì. Obìnrin tó ti mí kanlẹ̀ níjọ́sí ló dìde. "Ilẹ̀ wa yè," ó ní. Ilé tó tẹ̀ lé e náà ní, "Ilẹ̀ wa yè." Àwọn tó ti di ẹrù náà sọ ọ́, bí ìtìjú tilẹ̀ ń mú wọn. Ó ń lọ láti bẹ́ǹṣì dé bẹ́ǹṣì, ohùn ń ròkè sí i.

"Ó jọ pé ẹ ò lóye ìbéèrè wa," ọ̀gá náà ní.

"A lóye rẹ̀," Ìyá Alágídí dáhùn. "Ìdáhùn wa ni ẹ̀yin ò lóye."

Wọ́n ní àwọn máa padà wá. Ìyá sìn wọ́n dé ẹnu ọkọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ dáadáa, kí wọ́n mú ọkọ́ dání nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀, torí iṣẹ́ ṣì pọ̀.

Ẹgbẹ́ wa gbé mi lọ síbòmíràn. Nígbà tí mo padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn òjò, àgbàdo ti ga ju Ìyá lọ. Kòtò wa ti dábùú gbogbo òkè náà, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Káfíńtà kò tíì sọ̀rọ̀, ohùn tó fi tọrẹ kò padà, ṣùgbọ́n ó ti ń súfèé, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìgbà tó bá ń fi súfèé bú èèyàn.

Ìyá mú mi lọ sí etí kòtò tó gùn jù. Mo ṣàkíyèsí pé iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ ju ti ibi yòókù lọ, ó tú wúruwùru bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọ́ láàárọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ipasẹ̀ ẹnikẹ́ni lójú rẹ̀. Mo bi í, ta ló ń bá a ro ó. Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀ náà. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lélẹ̀ láti mọ bó ṣe tutù tó.

Kò tutù. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Nísàlẹ̀, ibi tó jìn, mo gbọ́ nǹkan kan tó ń lù mí lọ́wọ́: gbì, á sinmi, gbì, á sinmi. Ẹni tó bá ti roko rí kò lè ṣàìmọ̀ pé ọkọ́ ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Mo yọ ọwọ́ mi. "Ìyá… ṣé kò sùn ni?"

"Kí ló fẹ́ máa sùn sí?" Ìyá Alágídí ní. "Iṣẹ́ tó sá fún ló ń ṣe."

Ó rìn díẹ̀ síwájú, dé ibi tí ilẹ̀ ti le, ó sì fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gbá a.

"Ibí ṣì le o!" ó pariwo sílẹ̀.

Ìró náà dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà, mo rí i tí iyẹ̀pẹ̀ ń dìde díẹ̀díẹ̀, tó ń là bọ̀ lọ́dọ̀ wa.